Ọjọ́ tí Màmá Fáfúnkẹ́ Pẹ́ Dé Ojúbọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi Matthias ni mo sọ Màmá Fáfúnkẹ́ di ẹni tó ń gbàgbé nǹkan. Kì í ṣe ogbó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Màmá. Ìsúndùnrín ni wọ́n ń gbé, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń sè. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, àwọn ni wọ́n ń gbé omi ọ̀sẹ̀ lọ síwájú òrìṣà Ògìyán l'Ẹ̀jìgbò, wọn ò sì pa ọjọ́ kan jẹ rí. Bí ọlọ́kadà kankan ò bá sí, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn. Ẹnu wọn sì mú. Bí o bá dọ̀bálẹ̀ tí àyà rẹ ò kanlẹ̀, wọ́n á bi ọ́ pé ṣé ìdí ń dùn ọ́ ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, wọn ò fìgbà kan yọ mí lẹ́nu nítorí ẹ̀. Tí a bá ti túká lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn ní kí n bá àwọn dán nǹkan tuntun kan wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mágbàgbé ni orúkọ rẹ̀. Èèyàn á kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe sínú rẹ̀, tí àkókò bá tó, fóònù á sọ ọ́ létí rẹ̀ ní Yorùbá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà lè lò ó láìsí wàhálà. Mo gbé e tọ Màmá lọ.

Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Ilà ẹfun ni wọ́n máa ń fà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilà kan lójúmọ́, títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa ilà náà rẹ́, mo ní bí wọ́n bá ń wo ẹfun, a ò ní mọ̀ bóyá Mágbàgbé wúlò. Mo tún fi kún un pé ẹ̀rọ kì í gbàgbé. Wọ́n fi etí aṣọ nù ún kúrò, nítorí tèmi.

Mo bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó mélòó ni ọ̀sẹ̀ ń pé. Wọ́n ní ọrọọrún ni. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ gan-an, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù: ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún. Orí mi burú! Ọmọ ọwọ́ l'Ẹ̀jìgbò mọ̀ pé tí àgbà bá ka ọrún, òní wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ò ka òní ní tiẹ̀, ọ̀la ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́rin ló yẹ kí n tẹ̀. Ìwé tí mo kà ló gba ọgbọ́n ilé lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀ ni fóònù wá sọ̀rọ̀. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n gun ọ̀kadà dé Ẹ̀jìgbò, wọ́n bá ojúbọ ní gbígbá. Ọ̀ṣúnkẹ́mi, olórìṣà ẹgbẹ́ wọn, ti gbé omi lánàá. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ńṣe ni àwọn ẹgbẹ́ rọra mú wọn jókòó, wọ́n ní ogbó ti dé. Màmá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ni àwọn ṣi ọjọ́ sọ fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí Mágbàgbé, mo rí márùn-ún, ó wá yé mi pé èmi ni mo ṣì í. Mo yí i sí mẹ́rin, mo panu mọ́. Mo wá kọ̀wé sí àwọn ará Ìbàdàn pé nǹkan wọn rọrùn láti lò, àmọ́ màmá tó lò ó ti ń gbàgbé nǹkan. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí Màmá fi gbé igbá omi fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi pátápátá, tí wọ́n sì súre lé e, kí àwọn má baà kó ìtìjú bá òrìṣà. Láti ìgbà náà, mo lè dọ̀bálẹ̀ bó ṣe wù mí, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn ló pa mí.

Nígbà tí n ò lè gbé e mọ́ra mọ́, mo wólẹ̀ fún wọn níwájú ìkòkò ọṣẹ.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀yin sọ ọ́ bó ṣe rí, èmi ni mo ṣì í kà."

Wọ́n ní ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ náà gan-an ni.

Wọ́n dáwọ́ ọṣẹ ríro dúró. "Oṣù méjì, Matthias. Láràárọ̀ ni mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ mi kí n tó dìde, kí n mọ̀ bóyá mo ṣì rántí wọn. Ìwọ sì mọ̀."

Mo ní n ó kọ̀wé míì sí Ìbàdàn. Wọ́n bi mí pé ṣé Ìbàdàn ló ń gbé omi ni. Mo ní n ó lọ ṣàlàyé fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi àti gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí n lọ, kí wọ́n ṣáà gbọ́, ṣùgbọ́n igbá tí wọ́n ti súre lé lórí kì í padà. Wọ́n ní kí n dìde, eérú ń kó sí mi láṣọ.

"Ọ̀la lọ̀sẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló máa gbé omi."