Àwọn Tó Yà fún Wa ní Ṣàpọ́n

Òórùn kánfọ̀ ni mo fi mọ ilé wa ní Ṣàpọ́n. Bí o bá ti ṣí ilẹ̀kùn ọ̀ọ̀dẹ̀ báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀, kó tó kan òórùn aṣọ tuntun tí bàbá mi ń tà. Bàbá mi wà lára àwọn àgbà tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí itẹ́, kánfọ̀ sì ni wọ́n máa ń fọ́ sínú omi ìwẹ̀ náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi náà ń bù lára kánfọ̀ yìí, mo ń pò ó mọ́ àdí, mo ń fi pa ẹsẹ̀. Ìyá mi a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá dijú, òun ò lè mọ ẹni tó ti itẹ́ dé yàtọ̀ sí ẹni tó ti orí eré dé.

Ọ̀rẹ́, o mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ mo ti wà nínú ọkọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó padà. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jókòó sí ọ́fíìsì kan náà tí ẹnikẹ́ni ò kà mí sí. Eré sísá nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tí àwọn èèyàn fi ń wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa wá sọ pé àwọn yóò rán ẹnì kan lọ sá máratọ́ọ̀nù, mo gbé gbogbo ọkàn mi lé e. Ohun tó kù ni eré kìlómítà mẹ́wàá kan tí a máa sá ní Abẹ́òkúta, láti Kútọ̀ lọ sí Ṣàpọ́n, ká tó gba Ìbarà padà. Bí mo bá parí rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, èmi ni wọn yóò rán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Èèyàn mẹ́fà ló máa ń gbé òkú ní mọ́ṣáláṣí wa, èmi sì ni ẹnì kẹfà lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà tí orúnkún ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti ń dà á láàmú ni bàbá mi ti fi mí rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n a wá ẹlòmíràn láti ọjà. Àwọn àgbà yòókù fẹ́ràn ejìká mi débi tí wọ́n fi máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ kú kó yáa dúró de Sátidé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ eré náà, tó bọ́ sí Sátidé, mo ń pa ẹsẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ladáànì sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ó ní ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, tó háyà yàrá kan ládùúgbò wa, ti kú. Kò ní ẹbí kankan nílùú, wọn ò sì ní í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Mo gbọ́ ọ kedere. Mo wọ bàtà mi, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Mo ń sọ fún ara mi pé bí mi ò bá ṣáà ti pàdé bàbá mi, a jẹ́ pé kò rán mi níṣẹ́. Wo bí èèyàn ṣe ń ro ẹjọ́ fún ara rẹ̀, tó tún ń dá ara rẹ̀ láre!

Eré náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Atẹ́gùn tutù, ọ̀dà títì ò tíì gbóná, àwọn ọlọ́kadà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé, “Ẹ káre o!” Mo ń wo aago ọwọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀. Bí a ṣe gun òkè Ṣàpọ́n tán ni mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ níwájú wa, lójú ọ̀nà kan náà. Márùn-ún ni wọ́n. Bàbá mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ló wà níwájú, tí ejìká rẹ̀ wà lábẹ́ igi àga òkú. Àyè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ṣófo. Àyè mi ni.

Níbi tí wọ́n ti bí wa, alààyè ló ń yà fún òkú. Ọkọ̀ a dúró, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín a pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi wo bí a ṣe ń rọ́ bọ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

“Ẹ dúró ná,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọjá.”

Ni wọ́n bá yà sí ẹ̀bá gọ́tà, tòkútòkú, wọ́n dúró dè wá. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú. Mi ò lè sọ pé kò rí mi, nítorí ojú wa ṣe mẹ́rin. Kò pè mí. Mo wo aago mi, mo sì kọjá.

Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta ni mo fi parí eré náà. Wọ́n ya fọ́tò mi, mo sì rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyá mi ní kí n lọ bá bàbá mi pa ejìká. Ó ti bọ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí igi ti tẹ̀ ẹ́ wú, awọ ibẹ̀ sì ti bó. Àdí àti kánfọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí mo fi pa ẹsẹ̀ láàárọ̀ ni mo fi ń pa á, ojú ń tì mí débi tí mi ò fi lè gbé orí sókè.

“Ṣé ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́?” ó bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Alihamudulilahi.” Ó yí ejìká náà sí mi dáadáa. “Ọkùnrin yẹn wúwo. A ò pé mẹ́fà.”

Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú. Ká ní ó bínú sí mi ni, ǹ bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán. Mo sá máratọ́ọ̀nù náà, mo parí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n ròyìn rẹ̀ fún ọ, díẹ̀ ni mo rántí.

Ọdún kejì ni bàbá mi kú. Mo ti pinnu pé èmi ni mo máa gbé e níwájú láti ilé dé itẹ́, kí igi náà bó mi léjìká bó bá ṣe wù ú. Àfi bí a ṣe gbé e jáde tí èrò ya bò wá. Àwọn kan wá láti Ọ̀wọ́dé, wọ́n ní òun ló gbé ìyá àwọn. Àwọn mẹ́ta wọ bàtà iṣẹ́ tí eruku sìmẹ́ńtì ti sọ di funfun, wọ́n ní òun ló gbé ọ̀rẹ́ àwọn lọ́jọ́ tí àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ewékorò. Àga òkú ń ti ejìká bọ́ sí ejìká. Nígbà tí mo fi máa ráyè bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ méje péré ni mo rìn kí ọ̀kan nínú àwọn oníbàtà funfun náà tó fọwọ́ kàn mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbé wọn.”

Mo yà fún un. Mo dúró ní ẹ̀bá gọ́tà níbi tí bàbá mi ti dúró dè mí, mo sì sunkún. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbẹ́lẹ̀ ló sìnkú, ẹni tó ń sunkún, ariwo ló ń pa. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé òkú méjì ni bàbá mi gbé láàárọ̀ ọjọ́ eré yẹn, àti pé èmi tí mo fi àyè mi sílẹ̀ ni èkejì.

Mo ṣì ń sáré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń jókòó ti bàtà mi títí ladáànì á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń sáré ní eré mi ti ń falẹ̀, pé ọjọ́ tí mi ò wá ti ń pọ̀ ju ọjọ́ tí mo wá lọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ní mọ́ṣáláṣí wa, a máa ń pé mẹ́fà.