Awakọ̀ Tó Ní Igbó Ni

Sùúrù ni àwọn awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ọkùnrin náà, torí ẹni bá dí i lọ́nà láti àárọ̀ dọ̀sán, kò jẹ́ bú u. Nígbà tí ìjọba gbà láti gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé mẹ́rìnlélógójì tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré. Ti Sùúrù wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fún wọn láti kó jáde. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wo iye sójà tó dúró, ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Sùúrù kó ẹrù àti ọmọ lọ sínú yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Kò sunkún. Ìyàwó rẹ̀ ló sun ti àwọn méjèèjì.

Nígbà tó yá, ìjọba kan náà ń wá awakọ̀ tí yóò máa gbé àwọn oníròyìn òkèèrè. Wọ́n mú Sùúrù, torí ó mọ̀ pé ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Wọ́n fa oníròyìn àgbàlagbà kan lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ògbufọ̀ kan, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dápàárá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé etí ìjọba ni.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n gbé ọkọ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá lẹ́yìn pápá. Wọ́n ti wó àwọn ilé náà tán; igi máńgòrò kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ibòji. Igi iwájú ilé Sùúrù ni, òun ló sì wò tó fi mọ̀ pé àárín pálọ̀ òun gan-an ni òun páàkì sí.

Oníròyìn sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ gbé fóònù sókè, ó ń ká ohùn àti àwòrán sílẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èèyàn ń gbé ibí tẹ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Sùúrù ń retí kí inú bí òun. Inú ò bí i. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹsẹ̀ tó kú tẹlẹ̀.

"Igbó ni," ló wí.

"Igbó lásán?"

"Igbó lásán ni, mà."

Ẹyin lohùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ojú Sùúrù yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Ìyàwó rẹ̀ ń ya irun àbíkẹ́yìn wọn lọ́wọ́. Òòyà dúró.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé inú igbó ni mo bí ọmọ mẹ́ta sí?"

"Wọ́n ń wò mí ni."

"Èmi náà ń wò yín."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó fẹ́ tu ará ilé lára. "Ó dáa, ẹran ìgbẹ́, ẹ wá jẹun." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Sùúrù jẹun, ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, káfíńtà tí òun àti Sùúrù jọ pààlà tẹ́lẹ̀ lọ bèèrè ilẹ̀ míì ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní ta ló gbé ibẹ̀ rí? Ṣebí awakọ̀ ti jẹ́rìí. Káfíńtà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Sùúrù.

"Mi ò bá ẹ wá jà. Mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ ni."

Ó wò ó dáadáa, ó sì lọ.

Wọ́n jẹ́ kí Sùúrù wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń wa ọ̀gá ìjọba kan. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ bá ìyá òun nílùú kejì. Kò sí ìjà, kò sí ariwo. Sùúrù fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lọ sí gáréèjì, ó di ẹrù wọn mọ́ orí ọkọ̀, ó fi okùn fà á le lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ rọra wà á o," ló sọ fún awakọ̀.

Lẹ́yìn náà ló padà lọ fọ ọkọ̀ ọ̀gá, torí aago mẹ́jọ ni wọ́n ń jáde.