Bóhóòlù Tó Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Yín Dà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: omi ilé wa ní Festac burú. Kì í ṣe pé kò sí o. Ó wà, ó sì pọ̀. Tí ẹ bá fà á sínú báàfù láàárọ̀, á mọ́ gaara, ẹ ó ní ẹ ti rí tiyín ṣe. Ẹ padà wá tó bá yá, ó ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan irin tó dógùn-ún. Ìrẹsì tá a bá fi sè á yí àwọ̀. Tíì á dúdú. Èmi ti gbà bẹ́ẹ̀, mò ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, mo sì ń bínú lójoojúmọ́. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé omi yẹn fojú ìyá mi rí màbo.

Mọ́mì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tipẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, òun ló ń fọ aṣọ funfun tí kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, inú ẹ̀ ló ń dùn sí i. Á rẹ wọ́n, á fọ̀ wọ́n, á fi búlúù sí i, á fi sítáàṣì sí i, á lọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi dúró gagaga. Tí kwáyà bá ń wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi kì í bá wọn kọrin, etí aṣọ ló ń wò.

Omi ìjọba ló ń fi fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń yọ. Nígbà tí kò yọ mọ́, arákùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ́ bóhóòlù fún wa. A ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ṣé èèyàn á máa bi ọmọ ìjọ ẹ̀ pé níbo lo ti gbẹ́ rí ni? Omi jáde, ó mọ́, a kọrin, a gbàdúrà, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, báàfù ti pọ́n. Nígbà tá a pè é, ó ní ká máa gbàdúrà sí i. Ẹ gbà mí o!

Díẹ̀díẹ̀, aṣọ kwáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kọ́là ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà apá. Mọ́mì fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ó sá a sí oòrùn gangan. Pàbó. Bí ọ̀gá kwáyà ṣe wá bá a nílé nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí ju èébú lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ṣe é fún wa. Ẹ lọ sinmi, mà. Ara ò lè rí bíi tàtijọ́ mọ́." Wọ́n rán aṣọ tuntun, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún alágbàfọ̀ kan ní Agboju. Mọ́mì ní, "Ó dáa, ẹ ṣé." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tá a bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń lọ.

Ó ká mi lára! Mo ní tó bá jẹ́ pé omi ni, omi náà la máa wá. A máa gbẹ́ òmíràn, ìyá mi sì máa gba iṣẹ́ ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n agbára wa ò ju ẹyọ kan yìí lọ. Tí èyí náà bá fi lè pọ́n, ó parí nìyẹn.

Mọ́mì ní kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ ìlú mọ́, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ máa wá jókòó síwájú òun. Ní iléeṣẹ́ ìjọba, òun wà lára àwọn tó máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Ẹ wá wò ó lábẹ́ igi furúùtù iwájú ilé wa! Ó wọ gíláàsì, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó fi àga ṣíṣofo kan síwájú ara ẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ẹni àkọ́kọ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀ sí láyà. Ó fi fóònù hàn wá bí omi ṣe ń tú yàà níbi tó ti ṣiṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀. Mọ́mì wo gbogbo ẹ̀ tán, ó bọ́ gíláàsì, ó ní, "Ó dáa. Èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ yín dà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, tiwa kì í bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rí."

"Ẹ ṣé. A máa pè yín."

Mo mọ "a máa pè yín" yẹn. Ẹni tí ìyá mi bá ti sọ ọ́ fún, kó yáa máa lọ sílé ẹ̀.

Ìkejì dé, ó jẹ́ ẹlẹ́nu dídùn. Nígbà tó gbọ́ ìbéèrè yẹn, ṣe ló dìde dúró. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mọ́mì, ẹ má fẹnu yín pe ibi sí iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

"Ẹ ṣé. A máa pè yín."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé omi lẹ fẹ́ gbẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ ìjọba?"

Ó ní, "Ìwọ jókòó."

Ìkẹta wá láti Kuje tó wà nítòsí wa níbí. Ọkùnrin gbẹ̀ngbẹ̀ ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn lódìkejì títì. Ó ti ń ráhùn kó tó jókòó: ọ̀nà ò dáa, oòrùn mú, ta ló gbẹ́ ìranù yìí fún yín? Mọ́mì bi í ní ìbéèrè ẹ̀. Ó họ orí. Ó wo ilẹ̀.

"Mọ́mì, ó wà o," ó ní. "Ọ̀kan wà ní Raji Rasaki. Ìyá tó ni ín ò tíì dárí jì mí dòní."

"Ẹ mú wa lọ."

"Ní báyìí?"

"Ní báyìí ni."

Orí mi wú! A kó sínú ọkọ̀ ẹ̀ láàárín páìpù àti okùn, ó di ẹ́síteètì Raji Rasaki. Ìyá kan ṣí géètì, bó ṣe rí ọkùnrin náà báyìí, ó pariwo: "Ẹ tún dé! Olómi pípọ́n!" Ọkùnrin gbẹ̀ngbẹ̀ yìí dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà." Àwa ni ìyá náà kọjú sí, ó bá wa sọ ọ́. Ó ní èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́ fóun ò jìn tó, ó kánjú, omi náà sì ba gbogbo kọ́tíìnì òun jẹ́. Ó ní òun bú u, òun bú bàbá tó bí i. Ó ní ọkùnrin náà ń gbé fóònù, ó ń gbọ́ ọ. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ padà wá, ó dí ti àkọ́kọ́, ó sì gbẹ́ òmíràn tó jìn dáadáa. Ìyá náà bu omi wá, a mu ún, omi gidi ni.

Mọ́mì wá bi í pé, "Ṣé ẹ tún lè gbé iṣẹ́ fún un?"

Ìyá náà wo ọkùnrin yẹn látòkè délẹ̀. "Àbúrò mi ni mo júwe ẹ̀ fún kẹ́yìn. Ẹni tó máa padà wá gbọ́ èébú mi, tí ò ní pa fóònù ẹ̀, mélòó ló kù l'Ékòó yìí? Ṣùgbọ́n kọ́tíìnì mi ń kọ́?"

Mọ́mì kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ ò bá wá wo àdúgbò wa! Ẹ̀rọ ń ké, ẹrẹ̀ ń fò, gbogbo ará ilé jáde. Ẹrẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà iyanrìn pupa, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn aládùúgbò ń pariwo pé ó tó, ó tó! Èmi náà ń bá wọn pariwo. Ọkùnrin Kuje fi ohùn ńlá ẹ̀ bò wá mọ́lẹ̀: "Kò tó! Omi ibí yìí gan-an ló ń ba aṣọ jẹ́. Ẹ máa lọ!" Wọ́n ń lọ, wọ́n ń lọ, títí iyanrìn funfun oníhóró ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó fi ọwọ́ ra á, ó mi orí pé ó tó wàyí. Nígbà tí wọ́n ri páìpù tán tí omi tú yàà, mo jó nínú ẹrẹ̀ débi pé mi ò mọ ibi tí sílípáàsì mi wọlẹ̀ sí. Yéè! Inú mi dùn, mi ò lè purọ́.

Ìyá mi ò jó. Ọkùnrin náà ò jó. Ó gbọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ó fi ọmọrí dé e, ó ní, "Ẹ má tíì yọ̀. Ó dọ̀la."

Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́mì ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wo inú ẹ̀, mo rí ìsàlẹ̀ ketekete. Ó mọ́! Mo figbe ta, àwọn aládùúgbò sáré jáde, ọkùnrin Kuje rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mọ́mì ní ká má pariwo. Mo ti lọ tọrọ aṣọ kwáyà kan lọ́wọ́ ọ̀gá kwáyà, èyí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, tí kọ́là ẹ̀ ti gba òógùn àti páúdà. Ìyá mi jókòó tì í, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, ó sá a. Kò kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tó gbẹ, ó ká a kúrò lórí okùn, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó wo kọ́là. Ó yí apá méjèèjì wò. Ó funfun báláú.

"Omi ni," ó ní. "Kì í ṣe èmi. Omi ni."

Látìgbà yẹn, mo rò pé ohun tí àwọn kwáyà sọ ló ń dùn ún. Mi ò mọ̀ pé ó ti gbà wọ́n gbọ́. Mo fò mọ́ ọn, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìgúnpá tì mí dànù. "Kúrò lára mi jàre, ọwọ́ ẹ ò mọ́! Lọ pe ọ̀gá kwáyà. Kó kó gbogbo ẹ̀ wá."