Ọ̀gá Tó Fi Ìkànnì Síwájú Olúwa

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi etí táì nu awò ojú, ọ̀gá wa àtijọ́ ní Ọ̀pẹ̀bì ni mo máa ń rántí. Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun là ń tà fún àwọn oníbúrẹ́dì Agége, orí ìkànnì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń rà á. Ètò kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà ró ti darúgbó. Àwọn tó ṣe é gan-an ti pa á tì.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀, sà, kí olè tó wọlé," ni mo wí fún ọ̀gá.

Ọ̀gá bọ́ awò, wọ́n nù ún. "Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká fi síwájú Olúwa."

Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé la wá ń gbàdúrà fún ìkànnì. Ìyáàfin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: "Bùọ̀dá, Olúwa ti dáhùn tipẹ́. Ọ̀gá ni ò tíì fọwọ́ sí i."

Àwọn ọmọ yàhúù kò dúró gba àṣẹ, wọ́n já wọ ìkànnì náà. Oníbúrẹ́dì tó bá ṣí ìkànnì wa, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń bá níbẹ̀. Àwọn oníbàárà bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá sọ fún wa pé kò síṣẹ́ mọ́, wọ́n kọ́kọ́ nu awò wọn. "Ìfẹ́ Olúwa ni."

A ṣe Àmín. Ó ti mọ́ wa lára.