Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ni Kó O Kọ́kọ́ Wò

Àwọn ẹlòmíràn á ní olùkọ́ kan ló fi ọ̀nà ẹ̀kọ́ nípa àyíká han àwọn, tàbí pé ìwé kan làwọn kà lọ́jọ́ kan tí ojú àwọn là. Tèmi kò níyì tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló gbé mi débẹ̀.

Ayálégbé ni wá ní Kaduna, a sì ti kó kiri Kabala Costain débi pé mi ò lè ka iye ilé tí a ti gbé mọ́. Bí onílé bá ti lé wa, ìyá mi á fà mí lọ́wọ́, a ó máa wá òmíràn. Àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìyá mi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ là á wò ká tó sanwó ilé. Kò ní wo yàrá, kò ní wo fèrèsé. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Yàrá ni wọ́n ń kùn fún àlejò, kò sẹ́ni tó ń kun ṣáláńgá." Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́, imú rẹ̀ kò gbà á. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi ìborùn bo imú, á sì rán mi: "Lọ wò ó wá."

Èmi á wọlé, mà á yẹ inú ihò wò, mà á wo ibi tí omi ń gbà jáde, mà á wá jáde wá ròyìn. Onílé kan, Alhaji arúgbó, wò mí títí, ó bi ìyá mi pé, "Kai, Madam, wannan yarinyar duba-gari ce?" Duba-gari ni wọ́n ń pe wòlé-wòlé lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, kò sì gba ilé náà, torí mo ti sọ fún un pé eṣinṣin ibẹ̀ pọ̀ ju ayálégbé lọ. Mo ti mọ ibi tí ìdọ̀tí àdúgbò wa ń gbà dé odò Kaduna kí n tó mọ táìmù téébù.

Nítorí náà, nígbà tí mo jáde níléèwé girama, mo ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, fi ìwé ìròyìn sílẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o! Gbogbo owó iléèwé tí mo san yìí, wòlé-wòlé ló bí!"

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè pé, "Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ ọ?"

Mo ti mọ ibi tí mo fẹ́. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, nílẹ̀ Yorùbá gan-an. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barnawa ló jáde níbẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó àwọn lọ sórí odò láti lọ bu omi tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Ọkàn mi fò lọ síbẹ̀, kò sì padà mọ́. Kí n má purọ́, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò ní mọ ìyá mi níbẹ̀. Ní Kabala, n kò lè ra súyà kí ẹni tó ń sun ún má bi mí bóyá ìyá mi mọ̀ pé mo wà níta.

Àdìrẹ ni ìyá mi ń tà, Abẹ́òkúta ló sì ti ń lọ rà á. Ó ní a kì í ra aṣọ láì tú u wò, nítorí náà òun á máa mú mi dání bí òun bá ń lọ sọ́jà, a ó sì máa yà wo àwọn yunifásítì náà. Mo rò pé kíláàsì ni a fẹ́ lọ wò. Èmi ni mo gọ̀.

Ní èyí àkọ́kọ́, ó kọjá kíláàsì, ó kọjá ilé ìkàwé, ó bi ẹ̀ṣọ́ pé níbo làwọn ọmọbìnrin ń gbé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìborùn sókè. "Lọ wò ó wá." Mo wọlé, mo jáde, mo ròyìn: ó mọ́, ó ń ta sánsán ọṣẹ.

"Ọṣẹ yẹn ti pọ̀ jù," ó wí. "Kí ni wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀?"

Ó di ibi tí ọkàn mi wà. Mo gbàdúrà kí n tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Ọlọ́run gbọ́. Ilẹ̀ ń dán, omi sì ń ya jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo sáré jáde lọ sọ fún un. Obìnrin tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wò wá bí ẹni wo wèrè méjì.

"Omi yẹn ń sáré jù," ni ìyá mi wí. "Omi tó bá ń sáré báyẹn kì í pẹ́ tán."

Inú bí mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ wa fi kọjá Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀kẹta kò jìnnà sílé wa rárá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká tí wọ́n ní níbẹ̀ kò tíì ju pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lọ. A dé ibùgbé àwọn ọmọbìnrin, mo ti ká etí síkẹ́ẹ̀tì mi sókè láti wọlé nígbà tí ìyá mi dì mí mú.

"Dúró. Èmi ni n ó wọ̀ ọ́."

Ó wọlé láì bo imú. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, omi sì ń bọ́ níbẹ̀.

"Ó mọ́," ó wí. "Ó mọ́ dáadáa. Ibí ni wàá wá."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Èmi ọmọ Kabala, mo ti rí ṣáláńgá láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má fi èyí ba oúnjẹ yín jẹ́. Eṣinṣin pàápàá ń gba ojú fèrèsé jáde lọ wá atẹ́gùn.

"Haba, Mama! Wannan ne tsabta?" Bí inú bá ti bí mi, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

"Má fi Hausa bá mi jà."

"Mo ní ṣé èyí lẹ pè ní mímọ́?"

"Mo rí i. Ojú mi ò fọ́." Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan. "Lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, tí mọ́tò kankan ò rìn, ẹsẹ̀ mi yìí ni mo fi sáré láti ọjà dé iléèwé rẹ. Tó o bá wà lọ́hùn-ún tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni n ó fi sáré débẹ̀?"

Ìbínú mi yọ́. Gbogbo ibi tí a ti dé, ọ̀nà ló ń wọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni òṣùwọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Síbẹ̀, mo ṣì fẹ́ lọ.

"Màmá," mo ní, "ṣé ẹ bá mi níléèwé lọ́jọ́ náà?"

Kò bá mi níbẹ̀. Wọ́n ti ní ká máa lọ sílé, mo sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé nígbà tí òun ń gba títì. Ìgbà tó máa fi padà délé láìsí gèlè lórí, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹnu ọ̀nà wa ló ti bá mi, mò ń jẹ kúlíkúlí. Ó kọ́kọ́ gbá mi létí ná, kó tó wá dì mọ́ mi títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi.

"Mo ti mọ ọ̀nà ilé láti ìgbà yẹn, Màmá."

A wọ ọkọ̀ padà sí Kabala. A wọlé, bàbá mi gbójú sókè.

"Wòlé-wòlé, èwo lẹ mú?"

Ìyá mi ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ti ọ̀nà jíjìn ni," ó wí. "Omi rẹ̀ ń sáré."

Ọjọ́ tí mo wọ yunifásítì náà, ó sìn mí lọ. Báàgì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n bá òun gbé. Mo rò pé àdìrẹ ló fẹ́ fi kó padà lọ. A dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fa ìborùn bo imú. "Lọ wò ó wá."

Mo wọlé. Omi tó ń ya lọ́jọ́sí ti tán, ẹ̀rọ náà kàn ń húkọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti dé ṣáájú mi, wọ́n sì ti ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Mo dúró díẹ̀, mo nu ojú mi, mo jáde.

"Ó mọ́, Màmá. Ó mọ́ dáadáa."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wo tèmi fún ìgbà díẹ̀.

"Tóò," ó wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí báàgì náà. Ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó yọ ọṣẹ, ó yọ búrọ́ọ̀ṣì, ó yọ ìgò òògùn apakòkòrò. Ó tú ìborùn kúrò nímú, ó fi so ìbàdí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé.