Béèsì Inú Búùtù Bọ̀dá Lékan

Iyì pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dà bí iyì ẹni tí béèsì ń dún nínú mọ́tò rẹ̀. Ọba gan-an, ẹni tó bá rí adé rẹ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀. Béèsì kì í dúró kí wọ́n tó rí òun. Ìwọ tí o wà nínú ilé ìwẹ̀, tí ọṣẹ bò ọ́ lójú, ilẹ̀ á mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, wàá sì mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì kan ń lọ ra búrẹ́dì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú, ènìyàn pàtàkì àdúgbò wa ni Bọ̀dá Lékan, àbúrò bàbá mi. Ó ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó pupa bí epo. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀ tán, èmi ni mo máa ń fọ mọ́tò yẹn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń fò sùwé kiri. Bí ọṣẹ bá gbẹ mọ́ ọn lára, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ sókè, ojú sí ògiri. Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò kúnlẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń kọ̀ láti gbéra láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Rédíò tó bá mọ́tò náà wá láti òkè òkun kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ kásẹ́ẹ̀tì, tí a ó wá fi bírò ká okùn rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n rẹ́wáyà kan wà ní Ìgbògbò, ọkùnrin tó ń tún wáyà mọ́tò ṣe. Ó tẹ́tí sí rédíò náà, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rédíò yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bọ̀dá ju èébú lọ. Ni rẹ́wáyà bá fa wáyà pupa kan láti ara bátìrì gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀yìn, ó so ámípù mọ́ ọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ó sì to wúfà ńlá méjì sínú àpótí pákó tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì dúdú bò. Àwọn wúfà yìí ló ń pariwo béèsì. Àpótí náà tóbi débi pé búùtù kò ṣeé pa dé mọ́. Wáyà ni wọ́n fi dè é.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò sinmi. Bí béèsì bá dún lálẹ́, iná iwájú mọ́tò á máa ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Adìẹ wa kan fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, kò padà. Ìdérí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ń jó lórí iná. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bọ̀dá, ní, "Lékan, bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya." Bọ̀dá ní, "Màámi, kì í ṣe ìlù. Béèsì ni."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Àǹtí Ráfíà tí Bọ̀dá fẹ́ fẹ́. Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn, bàbá wọn sì ń kan ọkọ̀ ojú omi. Bàbá yìí ti lé ọkùnrin méjì padà ṣáájú Bọ̀dá: ọ̀kan fọn fèrè mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà dípò kó wọlé wá kí wọn, èkejì wọ jígí dúdú bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Bọ̀dá wá fojú hàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí bàbá bá kọ̀, ó parí. Ìyá Àgbà bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ariwo yẹn kúrò lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá ní béèsì gan-an ló máa fi hàn pé òun ti tó ọkùnrin.

Àpótí ti gba búùtù, nítorí náà orí itan wa ni iṣu àna wà. Ìyá Àgbà gbé mẹ́fà, èmi gbá kẹ́ẹ̀gì òróró mọ́ra. À ń lọ, ilẹ̀ ń mì, eyín Ìyá Àgbà ń gbá ara wọn. Nígbà tí a kọjá Ìtòìkín, mọ́tò já sí kòtò kan, orin dákẹ́. Sípíkà iwájú ti kú. Wúfà ẹ̀yìn nìkan ló kù: gbì. Gbì-gbì. Gbì. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀.

"Lékan, pa á."

"Màámi, a ti fẹ́ dé."

Báyìí ni a ṣe wọ Ẹ̀pẹ́, tí búùtù tí wọ́n fi wáyà dè ń dún bí ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ìlẹ̀kùn. Ẹ rántí pé ìgbà yẹn ni ìbẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ gba ìgboro. Bọ̀dá dúró láti bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja kan. Ìyá náà wo búùtù, ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Èèyàn ń bẹ níbẹ̀ yẹn! Ta lo dè mọ́lẹ̀?"

"Béèsì ni, mà."

"Bísí? Bísí ọmọ ta?"

Kí a tó pajú dé, àwọn ọlọ́kadà ti yí wa ká. "Wọ́n ti gbé Bísí o!" Obìnrin kan bú sẹ́kún, ó ní Bísí òun ni. Bísí tirẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ń ké pé kí wọ́n tú Bísí sílẹ̀. Bọ̀dá sáré pa rédíò. Gbì náà dákẹ́.

"Ó ti dákẹ́! Yéè, Bísí ti kú!"

Wọ́n já wáyà, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n rí àpótí ńlá tí wọ́n fi nǹkan dúdú bò. Ẹnì kan ní, "Wọ́n tiẹ̀ ti ra pósí sílẹ̀ dè é!" Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà. Ìyá Bísí ṣubú lu Bísí.

Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó kan ti fi ọ̀pá la èrò kọjá. Bí Bọ̀dá, tó ti rí fọ́tò wọn lọ́wọ́ Àǹtí Ráfíà, ṣe rí wọn báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bàbá Àǹtí Ráfíà ni. Wọn kò wo Bọ̀dá. Wọ́n fi ìka kan àpótí náà, wọ́n fọwọ́ pa igun rẹ̀.

"Pósí kọ́. A kì í lu ihò méjì sára pósí. Kí ló wà fún?"

"Ariwo ni, sà," ni Bọ̀dá wí láti ilẹ̀.

"Ariwo. O gbé ariwo sí búùtù, o wá gbé iṣu lé ìyá rẹ lẹ́sẹ̀, láti Ìkòròdú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá wo Ìyá Àgbà, tí wọ́n ṣì gbá iṣu mọ́ra. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ó ti parí. Bàbá wá ní, "Ẹni tó lè ru ẹrù tí kò wúlò báyìí tí kò rẹ̀ ẹ́, ọmọ mi kò ní wúwo fún un. Ṣùgbọ́n àpótí yìí ò ní padà lọ. Pákó rẹ̀ dáa."

A jẹ ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ náà títí egungun fi há mi lọ́fun, Bọ̀dá sì fẹ́ Àǹtí Ráfíà. Bàbá yọ wúfà méjèèjì, wọ́n sọ àpótí di ilé adìẹ. Nígbà tí mo lọ kí wọn lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, adìẹ kọ̀ọ̀kan yọ orí láti inú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò mí.

Lóde òní, ńṣe làwọn ọmọ ń ti nǹkan bọ etí, tí wọ́n ń dá orin wọn gbọ́, tí ẹyin adìẹ kankan kò sì bàjẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí àwọn Bọ̀dá ìgbà yẹn fi fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orin wọn. Mo ṣàlàyé fún un pé asán ni, ìgbéraga lásán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wí i kó tó gbọ́, nítorí inú mọ́tò mi la wà, èmi náà sì ti gbé béèsì sí búùtù.