Páálí Ọkọ̀ Ogun Tí Ìyàwó Mi Gbé Jáde

Ẹni tó bá rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Ṣàngó lásìkò yẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀, á rò pé ọkọ̀ ni mò ń dúró dè. Irọ́ ni. Ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń ṣà. Mo máa ń kọ́kọ́ yọ káàdì yunifásítì kúrò lọ́rùn, màá tì í bọ àpò, kí n tó lóṣòó síwájú obìnrin tó ń ta ẹrù tókunbọ̀: bàtà, bẹ́líìtì, bèbí tí kò lójú mọ́, àti láàárín wọn, bí orí bá bá mi ṣe é, páálí kan tí wọ́n ya ọkọ̀ ogun sí lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ ogun tí mò ń wí ni ti àwọn sójà, onírin, tó ń fi ẹ̀wọ̀n rìn bíi katapílà, tí ẹnu ìbọn gígùn yọ níwájú rẹ̀. Nínú páálí, wẹ́wẹ́ ló wà, ike lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó rà á ló máa fi abẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí á fi di ọkọ̀. Kò wúlò fún nǹkan kan. Bí ẹ bá sì bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ọkọ̀ ogun, èmi tí mi ò lè pa adìẹ, mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ṣà. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára páálí tó ń sọ bí wọ́n ṣe dín ọkọ̀ náà kù sí ti gidi tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe máa kéré tó. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ márùndínlógójì á rí ọkọ̀ tó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀ hàn kedere. Ó wù mí gan-an, àmọ́ ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Méjìléláàádọ́rin ni tèmi, èyí tó wọ inú àpò ṣòkòtò. Ẹlòmíràn á máa fi ẹwà ṣà, èmi ń fi ibi tí mo lè fi pamọ́ sí ṣà. Màá mi páálí létí, màá wò ó bóyá ẹnì kan ti fi abẹ kan ike inú rẹ̀, màá sì tẹ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá kò tíì gan.

“Ṣé ti ọmọ yín ni, sà?” ni obìnrin náà máa ń bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Èmi àti ìyàwó mi ò tíì bímọ, ó sì ti pẹ́ tí a ti fẹ́ra.

Ìlú Ọ̀tà ń kún nígbà náà. Oko pákí tí a ń rí lọ́nà Àtàn ń di ilẹ̀ ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ń yọ láàárín igbó, ìrètí ló sì kó ọ̀pọ̀ wa débẹ̀. Ìjọ ni ìyàwó mi tẹ̀ lé wá láti Ọ̀ṣun. Èmi tẹ̀ lé iṣẹ́ wá: yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mò ń tọ́jú, ibẹ̀ náà ni mo ti ń lẹ ọkọ̀ mi nígbà tí kíláàsì bá ti tú. Nínú ìjọ wa, ẹni tó ń retí nǹkan kì í káwọ́ gbera. Ẹni tó ń retí ilé á ra kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń retí ọmọ á ra aṣọ ọmọ, á sì gbé e wá kí wọ́n gbàdúrà sí i. Ìyàwó mi ní odindi báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ra nǹkan sí i, á fi hàn mí, màá ní ó dára, màá sì padà sídìí ìròyìn tí mò ń gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ìpàdé àdúrà ìjọ wa ní àdúgbò wà ní pálọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dé orí ẹ̀rí, ìyàwó mi dìde, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

“Praise the Lord!”

“Halelúyà!”

“Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi pé ṣé èmi nìkan ni mo gbàgbọ́ nínú ilé yìí ni. Àfi bí mo ṣe ń to aṣọ wọn láàárọ̀ yìí, tí mo rí ohun tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.” Ó gbé ọwọ́ síwájú, páálí ọkọ̀ ogun mi ló wà níbẹ̀. “Ẹ wò ó! Ti ọkùnrin ni! Wọ́n ti ra ti ọmọ wa sílẹ̀, wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi.”

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olórí ìpàdé, tí a ń pè ní Pásítọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agbára ló ti ń ṣiṣẹ́, ní, “Brọ́dá, ẹ gbé e sókè!” Mo gbé e sókè. Wọ́n gbàdúrà pé ọmọ náà á jẹ́ jagunjagun fún Olúwa. Mo ṣe àmín, tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná.

Ǹ bá ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ń kọrin bó ṣe ń fọ ife àwọn àlejò, ó sì gbé páálí náà lé orí àwọn aṣọ inú báàgì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rù bà mí láti ba ayọ̀ yẹn jẹ́. Mo sì tún mọ̀ pé àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé ló máa kà mí sí bí mo bá jẹ́wọ́.

Pásítọ̀ ló tì mí débi ògiri. Ó ní àwọn ọkọ tó ń retí ọmọ bíi tèmi á pàdé lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí n wá fi ìgbàgbọ́ mi gbà wọ́n níyànjú. Nígbà tó ku ọ̀la, ìyàwó mi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màá wọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Páálí yẹn, tèmi ni,” mo ní.

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rà á.”

“Mi ò rà á fún ọmọ. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Mo ti lẹ àwọn mìíràn, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ níbi iṣẹ́. Mo kàn máa ń fi ṣeré ni.”

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, títí tó fi gbé áyọ́ọ̀nù nàró. “Ọkọ mi! Ọkọ̀ ìṣeré! Ṣé ìyẹn lẹ wá ń fi pamọ́ fún mi bí ẹni jalè?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ apá ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tíì lọ̀.

“A jẹ́ pé ẹ ò tíì ra nǹkan kan fún un nìyẹn.”

“Fún ta ni?” mo bi í.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu mi tán ni mo ti mọ̀ pé ọmọ tí a ń retí ló ń wí. Ó ti gbọ́ ọ. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, kò lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́.